Edita Méjì, Òkìkí Ẹnì Kan

Àríyànjiyàn kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oṣù Keje, nígbà tí Tour de France ń lọ lọ́wọ́, ẹnì kan nínú yàrá wa tí kì í jẹ́ kí eré kẹ̀kẹ́ kankan kọjá òun ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó ti gba ipò nínú ìdíje náà láti ọdún pípẹ́ wá. Nígbà tó kan ọdún 2002, ó pè wá pé ká wá wo nǹkan. Ipò kìíní ṣófo. Ipò kejì, Joseba Beloki, ọmọ Sípéènì. Ipò kẹta, Raimondas Rumšas, ọmọ Lituéníà. Ó ní ṣé a ti rí ibi tí èèyàn ti ń ṣe ipò kẹta tí kò sẹ́ni ní ipò kìíní rí?

Lance Armstrong, ará Amẹ́ríkà, ló wà ní ipò kìíní yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2012 ni wọ́n gba gbogbo Tour méjèèje tó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, láti 1999 títí dé 2005, nítorí oògùn agbára, wọn ò sì gbé ẹlòmíràn gorí àga náà. Rumšas ní tirẹ̀ ṣì wà ní ipò kẹta títí dòní. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Àwọn kan ní kí wọ́n pa orúkọ tirẹ̀ náà rẹ́, pé ajá kan náà tó bu Armstrong jẹ ló bu òun náà jẹ. Àwọn kan ní rárá, àyẹ̀wò kankan kò mú un nínú eré yẹn, òfin kì í sì í ṣe ìfura. Nǹkan bí wákàtí kan la fi pariwo. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìyàwó rẹ̀ nínú wa. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ ìtàn náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tẹ̀ lé eré kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Rumšas jẹ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 1972, ní ìlú Šilutė, ní ìwọ̀-oòrùn Lituéníà. Abẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ni orílẹ̀-èdè náà wà nígbà yẹn. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, nítorí ó wà lára ìdí tí òkìkí ọkùnrin yìí fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nílé. Ní Òlíńpíìkì ti Seoul lọ́dún 1988, ọmọ Lituéníà kan tó ń jẹ́ Gintautas Umaras gba góòlù méjì nínú eré kẹ̀kẹ́. Orin orílẹ̀-èdè ta ni wọ́n kọ fún un? Ti Sófíẹ́ẹ̀tì. Àsíá ta ni wọ́n fà sókè? Ti Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1990, ni Lituéníà kéde òmìnira. Orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin ni, eré tí wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀sìn kejì ni bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Bí ọmọ wọn kan bá jáde nínú eré mìíràn tí gbogbo Yúróòpù ń wò, tó jẹ́ pé àsíá tiwọn gan-an ló ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní bá wọn wí pé wọ́n pariwo.

Rumšas sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò pariwo lé lórí. Lọ́dún 2000 ó gbégbá orókè nínú Giro di Lombardia, ọ̀kan lára àwọn eré ọlọ́jọ́ kan márùn-ún tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ń bọ jù lọ. Lọ́dún 2001 ó jẹ ìdíje ìlú àwọn Basque ní Sípéènì. Lẹ́yìn náà ni Tour ti 2002 wá dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gùn ún, wọ́n á ro gbogbo àkókò tí kálukú lò pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló jẹ. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 17 péré ni Rumšas fi tẹ̀ lé Armstrong. Ọmọ Lituéníà kankan kò dúró lórí pèpéle Tour de France rí ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, oṣù Keje ni ìdíje náà parí ní Paris. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ìyàwó rẹ̀, Edita, ń wa mọ́tò lọ sí Ítálì níbi tí wọ́n ń gbé. Ní Chamonix, ní ẹsẹ̀ òkè Mont Blanc, àwọn aṣọ́bodè Faransé dá a dúró, wọ́n sì tú ọkọ̀ rẹ̀. EPO wà níbẹ̀. Testosterone wà níbẹ̀. Èròjà tí ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́tísóònù àti àwọn oògùn mìíràn tí ń mú iṣan le. Àwọn méjèèjì ní ti ìyá ni, pé àwọn ń gbé e lọ fún ìyá tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yẹn, torí pé ẹ̀rín ló pa wá nínú yàrá nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rín. Kíndìnrín wa ló ń ṣe EPO fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa ló sì ń gbé ọ́síjìn lọ síbi tí iṣan ti nílò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ṣe é sínú abẹ́rẹ́. Nítorí náà ìyá àgbàlagbà kan lè gba EPO lóòótọ́. Àmọ́ eléré kẹ̀kẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó bá gbà á, ńṣe ni yóò máa gun òkè bí ẹni tó ní ẹ̀dọ̀fóró mẹ́ta. Ká tiẹ̀ gbà pé EPO jẹ́ ti ìyá, kí ni ìyá yóò fi testosterone ṣe? Kí ló fẹ́ fi èròjà tí ń mú ara dàgbà dà nígbà tó ti dàgbà tán?

Àwọn aṣọ́bodè kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi Edita sí àtìmọ́lé, ó sì lò ju oṣù méjì lọ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà ní Ítálì.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ rẹ̀ wà ní Ítálì. Ọkùnrin tí òkìkí jẹ́ tirẹ̀, tí ipò kẹta jẹ́ tirẹ̀, tí orílẹ̀-èdè kan ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ilé tí wọ́n tì mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kò lọ sí Faransé láti lọ sọ pé òun nìyí, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun. Mo mọ̀ pé agbẹjọ́rò kankan kò ní gbà á nímọ̀ràn kó lọ. Mo tún mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tí èèyàn kì í béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Baba ló ní kí a máa sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí ǹ bá pè ní ẹni tó wà lórí àjà àti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni Edita. Ẹni tí ẹrù bá wúlò fún ńkọ́? Oṣù Kìíní ọdún 2006 ni ilé ẹjọ́ kan ní Bonneville tó dá ẹjọ́ náà. Wọ́n dá tọkọtaya méjèèjì lẹ́bi pé wọ́n kó oògùn tí eré ìdárayá kà léèwọ̀ wọ ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n dá fún wọn, èyí tí wọn ò ní lọ jẹ àyàfi bí wọ́n bá tún dẹ́ṣẹ̀. Oṣù mẹ́rin fún ọkọ, oṣù mẹ́rin fún ìyàwó. Lójú ìwé, ó dọ́gba. Ẹni tó ti lo ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn irin ní 2002 nìkan ló lè sọ bóyá ó dọ́gba lóòótọ́.

Mi ò sọ pé obìnrin náà kò mọ nǹkan kan o. Ilé ẹjọ́ sọ pé ó jẹ̀bi, mi ò sì ní ẹ̀rí tó jù ti ilé ẹjọ́ lọ. Ẹnì kan nínú yàrá wa sọ pé àgbàlagbà ni, òun ló di ẹrù, òun ló wa ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: nígbà tí ẹ̀bi jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kí ló dé tí òkìkí fi jẹ́ ti ẹnì kan? Bí a bá ń bá ajá wí, kí á bá ẹran wí, àbí? Àwa wá ń yin ajá, a ò tiẹ̀ rántí pé ẹran wà nílé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni orúkọ. Àwọn tó wà ní kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá èdè pẹ̀lú mi yóò gbádùn èyí. Ní èdè Lituéníà, òpin orúkọ ìdílé ló ń sọ irú ẹni tó ni ín. Ọkùnrin ń jẹ́ Rumšas. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ Rumšas, Rumšienė ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ yóò jẹ́ Rumšaitė. Bí ẹ bá ti gbọ́ «-ienė», ẹ ti mọ̀ pé ìyàwó ẹnì kan ni, bí ẹ bá gbọ́ «-aitė» tàbí «-ytė» tàbí «-ūtė», ọmọ ẹnì kan ni. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fàyè gba orúkọ tó parí sí «-ė» lásán, èyí tí kò sọ bóyá obìnrin náà lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, àwọn èèyàn sì jà lórí rẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà Edita Rumšienė kò lè dárúkọ ara rẹ̀ fún aṣọ́bodè kó má dárúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè sì gbé ọ̀rọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn kò mọ èdè náà, wọ́n kàn kọ ọ́ ní Edita Rumsas. Orúkọ ọkọ rẹ̀ gangan ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Àwa náà ní tiwa nílé, mo mọ̀: «ìyàwó Lágbájá», «Mísíìsì Tàmẹ̀dù», obìnrin á lo ogójì ọdún ládùúgbò kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ inú gírámà wa.

Àmọ́ Edita kejì wà, òun ló jẹ́ kí n gbé kálàmù. Orúkọ rẹ̀ ni Edita Pučinskaitė. Ẹ wo òpin orúkọ náà, ọmọ Pučinskas ni. Lọ́dún 1998, ọdún mẹ́rin kí Rumšas tó gorí pèpéle ní Paris, Edita yìí ló gbégbá orókè nínú ìdíje tí àwọn obìnrin ń gùn káàkiri ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe ipò kẹta. Ipò kìíní ni. La Grande Boucle ni wọ́n ń pe eré náà, torí pé àwọn tó ni Tour de France kò gbà kí àwọn obìnrin máa lo orúkọ Tour mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ni, ẹ ò rí i? Lọ́dún 1999, ọmọ Lituéníà mìíràn, Diana Žiliūtė, ló jẹ ìdíje kan náà.

Kò tíì tán o. Nínú ìdíje àgbáyé eré ojú títì fún àwọn obìnrin, Žiliūtė ló jẹ ti 1998. Pučinskaitė ló jẹ ti 1999, ní Verona. Lọ́dún 2001, ní Lisbon, Rasa Polikevičiūtė ló ṣe ipò kìíní, Pučinskaitė sì tẹ̀ lé e ní ipò kejì. Jeannie Longo, ìyá ńlá eré kẹ̀kẹ́ ní Faransé, ló ṣe ẹ̀kẹta. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn obìnrin Lituéníà ṣe ipò kìíní lágbàáyé. Žiliūtė tún gba bàbà ní Òlíńpíìkì ti Sydney lọ́dún 2000. Ṣé ẹ rí orílẹ̀-èdè kékeré yẹn? Ṣé ẹ rí ohun tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe?

Mo wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa tó ń wo eré kẹ̀kẹ́, ẹni tó lè ka gbogbo ẹni tó jẹ Tour láti ọdún 1980 lórí, pé ṣé ó mọ Pučinskaitė. Kò mọ̀ ọ́n. Žiliūtė ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Rumšas? Ó mọ Rumšas, ó mọ iye ìṣẹ́jú, ó mọ ẹgbẹ́ Lampre tó ń gùn fún, ó tiẹ̀ mọ àwọ̀ ẹ̀wù wọn. Mi ò fi bú u. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló jẹ. Tẹlifíṣọ̀n gbé àwọn ọkùnrin wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kan àwọn obìnrin, bí ó bá rántí wọn rárá.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, pé ẹjọ́ oògùn ni tàkọ́kọ́, ẹjọ́ akọ àti abo ni tìkejì. Mo gbà pé méjì ni, ṣùgbọ́n orí ẹnì kan náà ni méjèèjì ti pàdé. Tí a bá bi àwọn tó mọ díẹ̀ nípa eré kẹ̀kẹ́ pé kí wọ́n dárúkọ ọmọ Lituéníà kan, Rumšas ni wọn yóò dá. Tí a bá ní kí wọ́n dárúkọ obìnrin kan láti ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọn yóò rántí, nítorí búùtù ọkọ̀. Obìnrin tó kó oògùn wọ inú ìtàn, obìnrin tó gun kẹ̀kẹ́ di ọ̀gá àgbáyé jókòó síta.

Ní ti «gbogbo wọn ló ń lò ó nígbà náà», tí ó jẹ́ ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn máa ń fà yọ, ó rẹ̀ mí. Bí gbogbo wọn bá ń lò ó, ṣé gbogbo wọn ló fi ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ibodè? Rumšas fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí a ṣiyèméjì pẹ́. Ní Giro d'Italia ti 2003, kò tíì pé ọdún kan sí ọjọ́ Chamonix, ó ṣe ipò kẹfà, àyẹ̀wò sì rí EPO nínú ara rẹ̀. Wọ́n fòfin dè é fún ọdún kan. Ìyá kankan kò sí láti tọ́ka sí lọ́tẹ̀ yìí.

Nítorí náà, èrò mi lórí àríyànjiyàn tó bí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa orúkọ Rumšas rẹ́ kúrò ní ipò kẹta ti 2002. Òfin ló fi í síbẹ̀, òfin náà ló lè mú un kúrò, àyẹ̀wò ìdíje yẹn kò sì mú un. Lójú tèmi, pípa rẹ́ tiẹ̀ máa ń ran ẹni tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo ipò kìíní tó ṣófo yẹn: ọmọ tó bá dàgbà lónìí yóò rò pé kò sẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ náà. Kí orúkọ wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni pé nígbà tí a bá ń sọ ọ́, àwa tí a ń fẹnu sọ ọ́, kí á má dúró sórí pèpéle. Kí á sọ̀kalẹ̀ dé Chamonix. Kí á dárúkọ Edita Rumšienė bí èdè rẹ̀ ṣe ń pè é, kí á má sọ ọ́ di Rumsas. Kí á tún lọ sẹ́yìn ní ọdún mẹ́rin, kí á dárúkọ Edita kejì.

Ọmọ Lituéníà kan ti wá jẹ ìpele kan nínú Tour de France láti ìgbà náà, ohun tí Rumšas kò ṣe rí. Ramūnas Navardauskas ni, lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n gùn dé Bergerac nínú òjò ńlá. Òun nìkan ló dé ibẹ̀, àwọn yòókù wà lẹ́yìn tí wọ́n ń lé e. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo wo fídíò rẹ̀. Mo tún wo èyí tí mo rí nípa Verona ti 1999, fídíò kúkúrú kan tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lálẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún wọn nínú yàrá kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń wo eré kẹ̀kẹ́ kò jiyàn. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ «Edita», ó tẹ «Lituéníà» mọ́ ọn, ó sì gbójú sókè.

Ó ní, «Edita wo?»